Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Bíréèkì Ọlọ́ìlì fún Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Lẹ́tà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere ló pọ̀ jù lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ bíréèkì ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. A mú mẹ́fà. Kí ọ̀rọ̀ má baà ta kókó: dísìkì ni àwo irin pẹlẹbẹ tó ń bá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí. Kálípà ni ilé irin tó gun dísìkì náà lẹ́ṣin. Páàdì ni ègé méjì inú kálípà tó ń há dísìkì mọ́ àárín. Písítìnì ni òpó kúkúrú inú kálípà tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì. Ọwọ́ bíréèkì ni èyí tí ìka ń tẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tí mò ń gùn, wáyà ló ń fa bíréèkì dísìkì rẹ̀. Àwa mẹ́rin la máa ń gba ọ̀nà Ìdànrè láràárọ̀ Sátidé. Tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìka a máa ro mí, bíréèkì á sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n ra ọlọ́ìlì. Mo rí onípísítìnì méjì, mo rí onímẹ́rin, ṣùgbọ́n owó onímẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Kìlò 75 ni mo wọ̀n. Èwo ni kí n rà?
*Akẹ́kọ̀ọ́, South Gate, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Onípísítìnì méjì ni kí ẹ rà. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra dísìkì mílímítà 180 sí ẹsẹ̀ iwájú, kí tẹ̀yìn wà ní 160.

Ohun tó ń ro yín níka ni wáyà yẹn. Bó ṣe ń rìn nínú ọ̀pá rẹ̀ ló ń ha ara rẹ̀, ó sì tún burú sí i bí erùpẹ̀ pupa ọ̀nà oko kòkó bá ti rí ibẹ̀ wọ̀. Apá kan nínú agbára ìka yín ti ṣègbé lójú ọ̀nà kó tó dé kálípà. Ọ́ìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé fún pọ̀. Tí ẹ bá tẹ ọwọ́ bíréèkì, písítìnì kékeré tó wà nídìí rẹ̀ á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti písítìnì kálípà, èyí tó fẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Fífẹ̀ yẹn ló ń sọ agbára ìka kan di púpọ̀. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò nìkan ti tó, kí mẹ́ta yòókù di kẹ̀kẹ́ mú.

Ti rírọ̀ tí ẹ sọ: nínú ti wáyà, bí páàdì bá ṣe ń jẹ ló ń jìnnà sí dísìkì, títí ẹ ó fi fún un. Nínú ọlọ́ìlì, písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń sún jáde bí páàdì ṣe ń tán, ọwọ́ kì í sì í yí padà. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà, torí páàdì lè tán pátápátá kí ọwọ́ má sọ fún yín. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ti iléeṣẹ́ Shimano, bí ohun tó lẹ̀ mọ́ àwo irin páàdì bá ti ku mílímítà 0.5, ó ti parí nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ooru, torí òun ló yẹ kó pinnu bí dísìkì ṣe máa tóbi tó. Ẹ̀yin 75, kẹ̀kẹ́ àti àpò àti omi 15, ó di kìlò 90. Bí kìlò 90 bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó fi mítà 100 ga, tí ẹ kò sì jẹ́ kó sáré ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, nǹkan bíi joule 88,000 ló gbọ́dọ̀ di ooru, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí atẹ́gùn bá yín dá dúró. Ooru yẹn tó láti mú omi tó ju ààbọ̀ píọ̀ wọ́tà kan lọ hó. Irin tó máa gbà á kò ju dísìkì méjì lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò wúwo ju gíráàmù 100 sí 150. Bí dísìkì bá tóbi sí i, irin pọ̀ láti gba ooru, ààyè sì pọ̀ láti fi í fún atẹ́gùn. Kálípà tún jìnnà sí àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́: 180 fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lágbára ju 160 lọ, kí ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Iwájú la ní kí ẹ fi í sí torí iwájú ni ìwúwo ń rọ́ lọ tí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró. Ẹni tó bá ju kìlò 90 lọ tàbí tó ń gbé ẹrù lè lọ sí 203, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ (irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú) gbà.

Písítìnì mẹ́rin dára. Ẹni tó ń díje, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìsinmi fún ìṣẹ́jú púpọ̀, kó rà á. Ọ̀nà tiwa a máa gùn, a máa sọ̀, dísìkì á rí ààyè tutù láàárín. Onímẹ́rin tún ní písítìnì mẹ́rin tí ẹrẹ̀ lè mú lẹ̀ dípò méjì, páàdì rẹ̀ sì wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ béèrè páàdì. Ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù fi méjì tó bá kálípà náà mu hàn yín kó tó dárúkọ iye bíréèkì. Bí kò bá ní i, bíréèkì tó dára jù láyé kò ní wúlò fún yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn irú Shimano MT200 tàbí Tektro HD-M275 fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìrísí páàdì tó wọ́pọ̀, ọ́ìlì mineral ni wọ́n sì ń lò (ẹ wo ìdáhùn kẹta). Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì, ẹ dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú pẹ̀lú dísìkì nínú kálípà. Ó gbọ́dọ̀ dúró gbọin. Bó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì ń sá lọ síbì kan. Ẹ fi tíṣù funfun nu ìdí họ́ọ̀sì (ọ̀pá tó ń gbé ọ́ìlì láti ọwọ́ lọ sí kálípà) lókè àti nísàlẹ̀. Bó bá rin, ẹ dá a padà.

Oríṣi páàdì méjì lẹ máa rí. Resin (èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle pò) kì í pariwo, ó sì ń mú kíá, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ìgbà òjò a máa jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ṣúgà. Páàdì onírin máa ń pẹ́, ó sì ń fara da ooru. Kí ẹ tó ra onírin, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára dísìkì. Bí ẹ bá rí "RESIN PAD ONLY", irin dísìkì náà rọ̀, páàdì onírin máa jẹ ẹ́ run.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì fún àwọn ọmọ mi. Nínú ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú ẹsẹ̀ iwájú dúró. Nínú ìkejì, ọwọ́ òsì ni. Èwo ló bàjẹ́ níbẹ̀?
*Ìyá ọlọ́mọ méjì, Oǹdó*

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó bàjẹ́, ìyá wa. Èyí tí ọ̀tún rẹ̀ ń mú iwájú, ó jọ pé ìlú Ọba ló ti wá. Bí wọ́n ṣe ń tò ó ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ni òsì fún iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ á máa gba kẹ̀kẹ́ ara wọn gùn. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ̀kan, tó fẹ́ rọra mú ẹ̀yìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, tó wá lọ tẹ iwájú mọ́lẹ̀, orí ló máa fi lélẹ̀. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì rí bákan náà. Bó bá jẹ́ oníwáyà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bó bá jẹ́ ọlọ́ìlì, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ họ́ọ̀sì lára ọwọ́, kí wọ́n fi òrùka idẹ kékeré tuntun àti ìṣó inú rẹ̀ tuntun dè é padà (a kì í lo ògbólógbòó lẹ́ẹ̀kejì), kí wọ́n sì lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń gbé bíréèkì ọlọ́ìlì wá sọ́dọ̀ mi pé ó ti rọ̀ bíi kànìnkànìn. Ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù, DOT 3 àti DOT 4. Ṣé mo lè dà á sí i? Báwo ni mo ṣe máa lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀?
*Mẹkáníìkì, Ọ̀nà Ìlésà, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má dà á sí i títí ẹ ó fi mọ irú ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni: ọ́ìlì mineral àti DOT. Orúkọ ọ́ìlì ni méjèèjì ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Shimano, Tektro àti Magura ń lo mineral. Hope ń lo DOT 5.1. Ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM jẹ́ ti DOT, ṣùgbọ́n DB8 àti Maven wọn ń lo mineral, nítorí náà orúkọ iléeṣẹ́ nìkan kò tó. Ẹ ka ìdérí ilé ọ́ìlì tó wà lára ọwọ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí.

Bí ohun tí wọ́n kọ bá ti parẹ́, ẹ yọ ẹ̀kán kan sínú ife omi tó mọ́. DOT máa yòrò mọ́ omi. Mineral máa léfòó bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀.

Bí DOT bá wọ bíréèkì mineral, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ á wú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹ máa rí. Tó bá yá, ọwọ́ kò ní padà sípò mọ́, páàdì á máa fún dísìkì láìtẹ̀ ẹ́. Fífọ̀ kò lè wo rọ́bà tó ti wú sàn, bíréèkì tuntun ni oníkẹ̀kẹ́ máa rà. DOT 3 tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ fún mọ́tò. DOT 4 wúlò fún bíréèkì tí wọ́n bá kọ DOT 4 sí lára, 5.1 náà lè rọ́pò 4. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, silicone ni, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ tàn yín. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, òróró ọmọdé, òróró ìdáná: rárá o.

DOT tún ní ìwà kan tó kàn wá nílùú olójò bíi tiwa: ó ń fa omi láti inú atẹ́gùn. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi, ìwọ̀n yẹn já sí 155°C. Tó bá hó, ó di atẹ́gùn nínú họ́ọ̀sì, atẹ́gùn sì ṣeé fún pọ̀, ọwọ́ á kàn lọ bá họ́ńdù pátá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ má sì lo ìyókù ìgò tó ti wà ní ṣíṣí láti èṣí. Bó bá ta sára kẹ̀kẹ́, ẹ tètè fi omi fọ̀ ọ́, ó ń bó ọ̀dà.

Bí ẹ ṣe máa lé afẹ́fẹ́ nínú irú ti Shimano nìyí. Ẹ wá àrọ tó ní ìdè tó wọ ojú ihò ọwọ́, sìríǹjì pẹ̀lú rọ́bà tó mọ́ gaara, sípánà 7, kọ́kọ́rọ́ Allen 2.5 àti ike ìdènà mílímítà 10. Mílílítà 50 ọ́ìlì tó fún bíréèkì kan. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ yọ páàdì, ẹ gbé wọn jìnnà réré. Ẹ ti àwọn písítìnì padà sínú, ẹ fi ike ìdènà sáàárín wọn. Ẹ yí ọwọ́ bíréèkì kí ihò òkè rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ẹ tú ìdè ibẹ̀ (ẹ má sọ òrùka rọ́bà rẹ̀ nù), ẹ de àrọ mọ́ ọn. Ẹ fi sìríǹjì tó kún sí ẹnu ihò ìsàlẹ̀ lára kálípà, ẹ tú u díẹ̀, bí ìdá mẹ́jọ ìyípo kan, kí ẹ rọra máa ti ọ́ìlì lọ sókè. Ìsàlẹ̀ la ti ń tì í torí òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹ má gbá sìríǹjì mọ́lẹ̀ o, torí tó bá sáré jù, afẹ́fẹ́ á fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ọ́ìlì, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Nígbà tí ìfófòó bá dáwọ́ dúró nínú àrọ, ẹ dè é.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ń parí iṣẹ́ sí, tí bíréèkì fi ń rọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì wà nínú ọwọ́. Ẹ máa tẹ ọwọ́ léraléra pẹ̀lú àrọ lórí rẹ̀, kí ẹ máa fi ìdí sípánà gbá họ́ọ̀sì àti kálípà pẹ́pẹ́. Ẹ dorí ọwọ́ kodò díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tó kẹ́yìn a máa jáde bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan ṣoṣo. Tí ọwọ́ bá ti gan, ẹ di ẹnu àrọ, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì kún ihò dé etí kí ẹ tó fi ìdè padà. Ẹ fi sípírítì nu gbogbo rẹ̀ kí páàdì tó wọlé.

Ìbéèrè: Kẹ̀kẹ́ orí òkè mi kò ní dísìkì rárá, rọ́bà tó ń gbá rímù ló ní. Wẹ́dà kan ní òun lè jó etí tí kálípà máa jókòó lé mọ́ fọ́ọ̀kì. Ṣé kí n gbà?
*Òṣìṣẹ́ ìjọba, Alágbàká, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Ooru wẹ́dà máa ń sọ aluminium fọ́ọ̀kì di aláìlágbára ní ibi tí gbogbo agbára ìdádúró máa rọ́ sí. Kò sì ní ṣẹ́ níwájú ilé yín, ibi tí ẹ bá ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ ló máa ti ṣẹ́.

Ibi mẹ́ta ni kẹ wò lára kẹ̀kẹ́ tó lè gba dísìkì. Àkọ́kọ́ ni họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́: ó gbọ́dọ̀ ní ihò bóòtù mẹ́fà lápá òsì, tàbí eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní Center Lock. Èkejì ni ẹsẹ̀ òsì fọ́ọ̀kì. Bí bóòtù bá ń wọ ihò méjì ibẹ̀ láti iwájú tàbí ẹ̀yìn, tí àárín wọn jẹ́ mílímítà 74, post mount ni. Bí wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ já, tí àárín wọn jẹ́ 51, IS ni. Kálípà post mount lè wọ IS bí ẹ bá ra ádápítà (irin ìsopọ̀ kékeré), kí ẹ sì mú ìwọ̀n dísìkì yín dání lọ rà á, torí ádápítà 160 kì í ṣe ti 180. Ẹ̀kẹta ni férémù lẹ́yìn, òfin kan náà. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi owó yín ra rọ́bà bíréèkì tó dára àti wáyà tuntun.

Ìbéèrè: Bíréèkì mi ń ké bí ewúrẹ́ láti ìgbà tí mo ti fọ́n WD-40 sí dísìkì kó má baà dípẹtà nínú òjò. Kò sì mú mọ́.
*Oníṣòwò, Ọba-Ilé*

Ìdáhùn: Kò ní mú. Epo lẹ fọ́n sí ibi tó yẹ kó ha. Irin tí kì í tètè dípẹtà ni wọ́n fi ṣe dísìkì, kò bẹ̀ yín níṣẹ́ yẹn rárá.

Ẹ ra isopropyl alcohol, èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń fọ bọ́ọ̀dù. Ẹ rẹ aṣọ funfun mọ́ ọn, kí ẹ nu ojú dísìkì méjèèjì títí aṣọ náà kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ má lo kẹrosínì, epo ni òun náà. Páàdì ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló kàn án, ẹ gbé sáńpépà sórí ibi tó tẹ́, kí ẹ rọra ha ojú rẹ̀ títí dídán á fi kúrò. Bí epo bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Àwọn kan máa ń yan páàdì lórí iná gáàsì kí epo lè jó kúrò. Á dára fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀.

Páàdì tuntun náà gbọ́dọ̀ mọ dísìkì. Ẹ wá ibi tó tẹ́ tí ọkọ̀ kò sí, ẹ sáré bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kí ẹ mú un wálẹ̀ di ìrìn ẹsẹ̀, láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gan. Ẹ ṣe é nígbà 20. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi eré tó pọ̀ sí i ṣe é nígbà mẹ́wàá. Igbe tó bá ń wá fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn òjò, tó sì ń lọ bí dísìkì ṣe ń gbẹ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ìbéèrè: Fọkanáísà yọ ẹsẹ̀ iwájú láti lẹ táyà, ọmọ mi wá ń fi ọwọ́ bíréèkì ṣeré. Ní báyìí, dísìkì kò wọ inú kálípà mọ́. Fọkanáísà ní ó ti bàjẹ́.
*Bàbá kan, Ìjàpò, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Kò tíì bàjẹ́. Nígbà tí kò sí dísìkì láàárín, písítìnì rò pé páàdì ló ti jẹ, ó sì sún jáde. Ẹ yọ páàdì. Ẹ fi sípírítì nu etí písítìnì, kí ìdọ̀tí má baà bá a wọlé. Ẹ wá fi ike pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ táyà, rọra tì wọ́n padà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí ó tọ́, kó má wọ́. Ẹ má lo sukudiráfà, torí ẹnu rẹ̀ lè fọ́ písítìnì. Bí ọ́ìlì bá ń rin jáde níbẹ̀, ìgbà náà ni kẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Tí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ padà, tí dísìkì ń ha páàdì kan, ẹ tú bóòtù méjì tó di kálípà mú díẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì kí ẹ dì í mú, ẹ wá máa dè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sí ibí, díẹ̀ sí ọ̀hún, títí dé 6 sí 8 Nm (ìwọ̀n bí ìdè ṣe le tó). Bí wọ́n bá dorí kẹ̀kẹ́ náà kodò nígbà tí wọ́n ń lẹ táyà, ọwọ́ lè rọ̀ torí afẹ́fẹ́ tó wà ní ilé ọ́ìlì ti rìn wọ họ́ọ̀sì. Ẹ gbé e dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ bí ogún ìgbà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ tó gùn ún. Nígbà mìíràn, kí fọkanáísà tó tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ ká páálí kékeré kan sí méjì, kí ẹ fi í sáàárín páàdì.